Ẹ dẹ́kun dída fódà kọ kiri

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Pọ́bẹ̀ àti Ṣakétẹ́! Ọ̀rọ̀ òní lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe sáìtì fún ìlú àti fún ilé-ìwé ló ń lo kọ̀ǹpútà méjì: ọ̀kan nílé ní Kétu, èkejì ní Kútọnu tàbí lọ́dọ̀ ẹnì kejì wọn ní Ìmẹ̀kọ. Fláàṣì, tí àwa níhìn-ín ń pè ní clé, ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀kan dé èkejì. Wọ́n á da fódà kọ, wọ́n á pè é ní «tuntun». Lọ́jọ́ kejì ó di «tuntun-2», lẹ́yìn náà «ìkẹyìn», lẹ́yìn náà «ìkẹyìn-gan-an». Ẹ bi wọ́n pé èwo ni ojúlówó, wọ́n á máa wo ara wọn lójú.

Èyí kì í ṣe eré. Orí irú sáìtì bẹ́ẹ̀ la ń kó oríkì ìdílé àti ìtàn ẹnu àwọn àgbà sí. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tó kọjá lé ti òní lórí, kọ̀ǹpútà á kàn béèrè bóyá kí òun fi èyí rọ́pò tọ̀hún. A tẹ «bẹ́ẹ̀ ni». Ohun tí ìyá àgbà sọ lánàá ti lọ nìyẹn, ìyá náà lè má sì sí mọ́ láti tún un sọ.

Ẹni tó ń lo WordPress lórí XAMPP tún wà, tó da htdocs kọ, tó rò pé òun ti kó gbogbo ilé. Rárá o! Àwòrán àti fáìlì PHP ló kó. Inú MySQL ni ọ̀rọ̀ tí a kọ wà, kò sí nínú htdocs. Àfi kí ó kó dátábéèsì jáde sínú fáìlì kan kó tó dìde níbẹ̀. Kí PHP orí ẹ̀rọ méjèèjì sì jẹ́ ẹ̀yà kan náà; ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ má fi pamọ́ sínú orí.

Àwọn kan á ní: «Íntánẹ́ẹ̀tì wa kò dára, Git kì í ṣe tiwa.» Irọ́ ni! Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2005 fún àwọn tó ń kọ Linux, kò gba owó, kò sì sọ íntánẹ́ẹ̀tì di dandan. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Clé yẹn gan-an, ẹ ṣí fódà kan sórí rẹ̀, ẹ tẹ git init --bare níbẹ̀, ó ti di ibi ìpàdé. Ẹ push sí i ní Kétu, ẹ pull láti inú rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Bí ẹni méjì bá tún ìlà kan náà ṣe, Git á dúró, á fi ibi tí ìjà wà hàn yín. Bí Àkàbà Ìdènà ìlú wa ló rí: ẹnu ọ̀nà kan, a sì mọ ẹni tó gbà á wọlé àti ọjọ́ tó wọlé. (Ọ̀rọ̀ ìwọlé dátábéèsì nìkan ni kí ẹ má kó sí i.)

Èyí tó kù kan àwa tó ń kọ Yorùbá jù. Unicode kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ̀rọ kan lè mú ẹ, kó fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á mú é, á fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa ọ̀kan ni, lójú kọ̀ǹpútà méjì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá «Ọ̀yọ́» lórí sáìtì tiyín kí ó ní kò sí. Faransé ní é tirẹ̀ lórí bọ́tìnì AZERTY. Ẹ tiwa kò sí níbẹ̀, kálukú ló ń wá ọgbọ́n tirẹ̀. Tún fi kún un pé ɛ àti ɔ ni álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba Benin ń lò, ẹ àti ọ sì ni ti Nàìjíríà. Ẹ yan ọ̀kan fún sáìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ ní NFC, ẹ má sì fi àmì kankan sí orúkọ fáìlì.

Ní báyìí, kí àwọn tó ń bójú tó sáìtì ìlú wa dá wa lóhùn nísàlẹ̀ níbí: ẹ̀dà wo ni ojúlówó, ọwọ́ ta ló sì wà?