Àdéhùn Ẹni Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ní Fìdítì àti Ìlọrá, ẹ kò ní gbàgbé àrokò àwọn baba wa. Ẹni tí a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun, nítorí ẹ̀fà ni.

Irú èdè bẹ́ẹ̀ wà nínú bríìjì, eré káàdì tí ènìyàn mẹ́rin ń ta ní méjì-méjì. Bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ pè pé kí irú káàdì kankan má jọba lórí ìyókù, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ní háàtì márùn-ún, kì í pe háàtì. Dáyámọ́ńdì méjì ni yóò pè. Ẹni àkọ́kọ́ ni yóò wá pe háàtì. Báyìí ni ọwọ́ tí ó lágbára yóò fi wà ní ìpamọ́, tí a óò sì tẹ́ ti ẹnìkejì sílẹ̀ lórí tábìlì. Oswald Jacoby ará Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1956.

Bí ẹnìkan bá gbàgbé àdéhùn náà, eré bàjẹ́. Òfin sì pàṣẹ pé kí àwọn alátakò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi í pamọ́ fún wọn, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jẹ́ kí àdéhùn yín rí bẹ́ẹ̀: kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n dájú, kí ó má sì jẹ́ ohun tí ẹ óò tijú láti ṣàlàyé.