Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ àpótí àwọn aṣòfin dání?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aṣòfin kan ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ epo. Àbádòfin lórí epo wá délé ìgbìmọ̀, òun náà sì dìbò. Báwo lèmi àti ẹ̀yin ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú ló dìbò fún, àbí àpò ara ẹ̀?

Tí wọ́n bá ti ní "owó àti aṣòfin", ẹjọ́ Farouk Lawan ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Lọ́dún 2012, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí owó ìrànwọ́ epo nílé aṣojú-ṣòfin. Ilé ẹjọ́ ní ó gba $500,000 lọ́wọ́ Femi Otedola kó lè yọ orúkọ Zenon, ilé iṣẹ́ Otedola, kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Otedola ní òun àtàwọn agbófinró làwọn jọ dẹ pàkúté yẹn. Ọdún 2021 ni wọ́n tó dá Lawan lẹ́bi, January 2024 nilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Nǹkan bí ọdún méjìlá, lórí owó tí wọ́n kà lé èèyàn lọ́wọ́!

Èwo wá ni ti èyí tí ẹnikẹ́ni ò kà léni lọ́wọ́? Ìpín nínú ilé iṣẹ́, iṣẹ́ àgbàṣe tí àbúrò gbà. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì. Ìwé òfin 1999 sọ pé àǹfààní ara ẹni ò gbọdọ̀ ta ko iṣẹ́ ìlú. Ó ní kí aṣòfin kọ dúkìá àti gbèsè ẹ̀ fún àjọ Code of Conduct Bureau. Ó tún ní ará ìlú lè yẹ ìwé náà wò, ṣùgbọ́n ní ìlànà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá là kalẹ̀. Títí dòní, wọn ò tíì là á kalẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn tí ẹrù wọn wà nínú àpótí la kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fún.

Wọ́n lè ní ajínigbé máa mọ ohun táwọn ní. Ó dáa, kí wọ́n fi àdírẹ́sì ilé pamọ́, kí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ hàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ irú ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù ú ló ń kà á.

Tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò ládùúgbò yín, ẹ má béèrè kànga ẹ̀rọ nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: "Ìgbà wo lẹ máa ṣí àpótí yẹn?"