Eegun dáínósọ̀ inú aṣálẹ̀ Niger: ta ni yóò kà wọ́n, níbo ni wọn yóò sì máa gbé?

Ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, ọdún 2025, ilé ìtajà gbàǹjo Sotheby's ní New York ta ohun méjì tí kò jọra. Èkínní ni òkúta kan tó já bọ́ láti Mars, tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kílò 24, tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Niger nínú oṣù Kọkànlá, ọdún 2023. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Èkejì ni eegun ọmọ dáínósọ̀ kan tí wọ́n wú ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn mú owó tó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là wọlé.

Ìjọba ológun ní Niamey bèèrè bí òkúta Mars náà ṣe kúrò nílé. Ó kéde ìwádìí, ó sì dá kíkó òkúta iyebíye àti òkúta ojú ọ̀run jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà dúró. Sotheby's ní tirẹ̀ sọ pé wọ́n tẹ̀lé gbogbo ìlànà tó yẹ. Àmọ́ owó tí eegun Wyoming mú wá ló yẹ kó kọ àwọn aláṣẹ lóminú jù, nítorí pé Niger wà lára àwọn ilẹ̀ tí eegun dáínósọ̀ ti pọ̀ jùlọ ní Áfíríkà.

Kí ló wà nínú iyanrìn Agadez?

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará Faransé tó ń wá yureníọ̀mù kan eegun ní Gadoufaoua, ní agbègbè Agadez. Lédè àwọn Tuareg, orúkọ ibẹ̀ túmọ̀ sí ibi tó ń ba ràkúnmí lẹ́rù. Ibẹ̀ ni Philippe Taquet ti wú dáínósọ̀ tó pè ní Ouranosaurus nigeriensis lọ́dún 1976. Láti àwọn ọdún 1990, Paul Sereno ti Yunifásítì Chicago náà ti ń wá ilẹ̀ náà tú. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Suchomimus lọ́dún 1998, wọ́n sì kéde Nigersaurus àti Jobaria lọ́dún 1999.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n fi pe Nigersaurus. Orúkọ tí àwọn Tuareg ń pe awọ́nríwọ́n ló wà nínú Ouranosaurus, Niger ni "nigeriensis" sì ń tọ́ka sí, kì í ṣe Nàìjíríà. Jobar, ẹ̀dá inú ìtàn àwọn Tuareg, ló bí orúkọ Jobaria. Orúkọ wá jẹ́ ti ilé, ṣùgbọ́n àwọn àjèjì ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíka eegun náà.

Báwo ni eegun ṣe ń sọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá wo eegun lẹ́yìn tí a jẹ ẹran tán lè rò pé òkú nǹkan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ara tó wà láàyè, eegun kì í sinmi: àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń kọ́ ọ, àwọn mìíràn ń wó o, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ eegun ọmọ inú oyún ló kọ́kọ́ máa ń rọ̀ bí etí, kí kálísíọ̀mù tó sọ ọ́ di líle díẹ̀díẹ̀.

Lára ẹranko bíi ọ̀nì, ìdàgbàsókè a máa falẹ̀ ní ìgbà tí nǹkan bá le nínú ọdún. Èyí a máa fi òrùka sílẹ̀ nínú eegun, bí a ṣe ń rí i nínú igi tí a gé. Bí ẹranko náà bá kú tí ẹrẹ̀ bò ó, omi a máa gbé èròjà òkúta wọ inú eegun náà. Yóò di òkúta, àmọ́ àwọn òrùka náà lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe mọ bí Sarcosuchus ṣe dàgbà. Ìbátan ọ̀nì ni, ó gbé ní Gadoufaoua ní nǹkan bí 110 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 9. Àwọn olùwádìí gé eegun pẹlẹbẹ abẹ́ awọ ẹ̀yìn ọ̀kan tí kò tíì dàgbà tán, wọ́n sì ka nǹkan bí òrùka 40. Lọ́dún 2001, wọ́n kéde pé yóò gba ẹranko náà ní ọdún 50 sí 60 kó tó dàgbà tán. Eegun Nigersaurus náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, eyín rẹ̀ sì lé ní 500, fún jíjẹ ewéko tó wà nílẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn jọ ń sọ ni pé odò àti ewéko ló wà níbi tí iyanrìn gbà lónìí.

Eegun tí ẹnì kan rà ní gbàǹjo tó sì gbé sí pálọ̀ kò lè sọ irú nǹkan báyìí. Bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ti wú u àti ìpele ilẹ̀ tó wà, ọjọ́ orí rẹ̀ di àwámárìídìí. Bí onímọ̀ mìíràn kò bá sì lè dé ibi tó wà láti tún un wò, ẹ̀rí ti sọnù nìyẹn.

Níbo ni wọn yóò máa gbé?

Láti ọdún 1997 ni Niger ti ní òfin tó dáàbò bo ohun àjogúnbá ilẹ̀ náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama, tí wọ́n ṣí ní Niamey lọ́dún 1959, ló ń tọ́jú Ouranosaurus tí Taquet fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà ní Venice, ní Ítálì, láti ọdún 1975. Sereno àti àwọn ará Niger kan ti gbèrò láti kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun méjì, ọ̀kan ní Niamey, èkejì ní Agadez. Àmọ́ ìfipágbàjọba ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2023 àti àìsí ààbò ti mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ túbọ̀ ṣòro.

Àwọn aládùúgbò Niger ti rí i pé ohun tó lọ lè padà. Faransé dá ohun 26 padà fún Benin lọ́dún 2021, Netherlands sì dá iṣẹ́ idẹ Benin 119 padà fún Nàìjíríà lọ́dún 2025. Ṣùgbọ́n ère ní ọba tó ni ín àti ìdílé tó gbẹ́ ẹ, àwọn ló ń pariwo bí wọ́n bá jí i. Eegun kò ní ẹbí tí yóò gbèjà rẹ̀. Ìjọba àti àwọn onímọ̀ nìkan ló lè ṣe é.

Títi ẹnubodè pa rọrùn, àṣẹ kan ti tó fún un. Iṣẹ́ tó kù ló le: kíkọ àwọn ọmọ Niger ní bí a ṣe ń wú eegun, bí a ṣe ń gé e, bí a ṣe ń ka òrùka rẹ̀, àti kíkọ́ ilé tí òjò àti ooru kò ní bà á jẹ́. Bí Niamey kò bá ṣe èyí, iyanrìn ni yóò máa tọ́jú àwọn eegun náà, títí ẹni tó mọ iye wọn lọ́jà yóò fi dé ibẹ̀ ṣáájú ẹni tó lè kà wọ́n.