Ojú Sípídómítà Kọ́ Ló Yẹ Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Pààrọ̀

Ẹni tó bá ra Ìjàpá (Volkswagen Beetle) àtijọ́ tí wọ́n gbé wọlé láti Amẹ́ríkà tàbí ìlú ọba kì í pẹ́ rí ìṣòro kan: máìlì ni sípídómítà rẹ̀ ń kà, kìlómítà sì ni pátákó ojú títì ń wí ní Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ ojú tuntun tó ní nọ́ńbà kìlómítà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dán lóòótọ́. Àmọ́ aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ fún ẹni tí kò tíì wẹ̀.

Inú ẹ̀rọ náà lọ̀rọ̀ wà. Ọgbọ́n tí Otto Schulze ará Jámánì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1902 náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wáyà kan ń yí òòfà nínú ife alumíníọ̀mù kékeré. Òòfà kò fara kan ife rárá, síbẹ̀ bó ṣe ń yí ló ń fa ife náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Sípírìn tín-ín-rín bí irun ló ń fà á padà. Ibi tí agbára àwọn méjèèjì bá ti dọ́gba ni abẹ́rẹ́ ń dúró sí. Oǹkà tó ń ka ìrìn ọkọ̀ kò bá òòfà da nǹkan kan pọ̀ ní tirẹ̀. Eyín irin ló ń yí i.

Nítorí náà, bí ẹni tó tẹ ojú tuntun bá mọṣẹ́, tó fi 97 sí ibi tí 60 wà, abẹ́rẹ́ á sọ òótọ́. Oǹkà á ṣì máa ka máìlì rẹ̀ lọ. Olówó ọkọ̀ tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà á dúró títí nọ́ńbà á fi pé, nígbà yẹn ẹ́ńjìnnì ti rin 8,047. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò sì ní fítà ọ́ìlì gidi, àsẹ́ lásán ló ní. Òun ló máa jìyà rẹ̀.

Táyà tún ńkọ́? Wáyà sípídómítà Ìjàpá kì í ti inú jíà wá bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àárín táyà iwájú lápá òsì ló gbà jáde: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó á rí orí rẹ̀ onígun mẹ́rin tó yọ láàárín ìdérí gíríìsì, tí píìnì kékeré kan dì mú. Táyà yẹn gan-an ló ń yí abẹ́rẹ́. Táyà 165/80R15 ga tó 645 mílímítà. 185/60R15 kò ju 603 lọ. Bí wọ́n bá fi kékeré rọ́pò ńlá, abẹ́rẹ́ á máa pariwo 100 nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pé 94. Èyí tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ ló léwu, torí ọkọ̀ á máa sá ju ohun tí abẹ́rẹ́ ń wí lọ, 100 kìlómítà ní wákàtí kan sì ni òfin fi mọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú títì márosẹ̀.

Àwọn kan á ní fóònù ti tó láti fi mọ eré ọkọ̀. Fóònù dára fún ìdánwò: kí ẹlòmíì mú un dání lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí wọ́n wò ó ní 40, 60 àti 80. Bí àṣìṣe bá ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, kí wọ́n wo táyà, tàbí òòfà tó ti rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, wáyà ni. Ṣùgbọ́n fóònù kì í bá ọkọ̀ pa ìtàn mọ́.

Ohun tó bójú mu jù ni kí wọ́n wá odindi sípídómítà oníkìlómítà tí wọ́n ṣe fún Ìjàpá Jámánì tàbí ti Bràsíl. Nígbà tó jẹ́ pé táyà ló ń yí i, wáyà kan náà á bá a mu, abẹ́rẹ́ àti oǹkà á sì jọ sọ èdè kan. Kí wọ́n tọ́jú ti àtijọ́ sínú àpò, kí wọ́n má tú u. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ojú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé náà lé ẹni tó bá máa rà á lọ́wọ́ kó tó sanwó.