Fìlà Tí A Kò Lè Fọwọ́ Kàn



Ní ìgbà ìkórè kajú tó kọjá, ìyá kan wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́. 8.000 fáráǹkì ni ó ti pòórá nínú owó tí ó fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, owó kajú tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣà lábẹ́ oòrùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni ó mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ó fi owó náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní ìlú ńlá tí ó máa ń bá àwọn ọmọ ra owó eré. Kí ni ó fi rà? Fìlà kan àti ẹ̀wù kan, fún jagunjagun tí ó ń darí nínú eré orí fóònù.

Ìyá náà kò pariwo. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un kí ó fi fìlà náà hàn mí." Ọmọ ṣí fóònù, ó fi hàn án. Ìyá wò ó títí, ó ní: "Ṣé ó ń dá ọta ìbọn dúró ni?" Ọmọ dorí kodò, ó ní: "Rárá, Ìyá. Ó kàn lẹ́wà ni."

Àwọn baba wa ní, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwa àgbà náà ń yá owó ra aṣọ fún ìnáwó ọjọ́ kan ṣoṣo. Abetí-ajá tí bàbá dé lọ sí ìgbéyàwó kò fi agbára kún un. Ó kàn ń sọ fún àwọn tó pé jọ pé ẹni iyì ló dé. Nínú eré tí ọmọ yìí ń ṣe, àwọn ọmọ láti ìlú púpọ̀ ni wọ́n ń pàdé, ẹni tí jagunjagun rẹ̀ kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan ni wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ wa fẹ́ kí a ka òun kún ènìyàn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Owó tí ó mú láìtọrọ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Òwò fìlà yìí ti pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Valve ti Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Team Fortress 2, jagunjagun mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, wọ́n ṣe ohun ìbòrí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: akoto awakùsà tó ní iná níwájú fún ọ̀kan, akoto onírin ṣóńṣó ti àwọn ọmọ ogun Prussia àtijọ́ fún òmíràn. Wọn kò fi agbára kankan kún ẹni tó dé wọn, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ń wá wọn kiri. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, wọ́n ṣí ìsọ̀ sínú eré náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó gidi ra fìlà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2011, eré fúnra rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Eré di ọ̀fẹ́, ọ̀ṣọ́ ń mówó wọlé: ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ eré orí fóònù ń lò lónìí nìyẹn. Ọjà náà gbòòrò débi pé ní ọdún 2012, Valve gba onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, Yanis Varoufakis, láti máa ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Òun kan náà ni ó di mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 2015.

Níbo ni ewu wà? Wọn kì í kọ fáráǹkì sára fìlà. Ọmọ á kọ́kọ́ fi fáráǹkì ra owó eré. Bí ó bá ti di owó eré, kò ní mọ iye tí ó ná mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ eré, kò sì lè ta fìlà náà, kò lè fi jogún fún àbúrò. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ti eré pa, fìlà bá a lọ. Àwọn ìjọba ti rí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà mú kí Epic Games, tí ó ni eré Fortnite, gbà láti dá mílíọ̀nù 245 dọ́là padà fún àwọn tí a fi ọgbọ́n ẹ̀tàn mú ra ohun tí wọn kò ní lọ́kàn, àti fún àwọn òbí tí ọmọ ná owó wọn láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n ọjà ní olùrà, ó ní olùtà. Valve gba àwọn tó ń ṣe eré náà láàyè láti ya fìlà tiwọn, ó sì ń fún wọn ní ìpín nínú owó tí ó bá wọlé. Ní Yaoundé, àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games gbé eré Aurion jáde ní ọdún 2016, eré tí wọ́n gbé ka ìtàn àti àṣà Áfíríkà. Ẹ̀yin èwe wa, ta ni yóò ya abetí-ajá wa sínú eré, kí ọmọ ìlú mìíràn wá san owó fún un?

Àdéhùn tí a ṣe lọ́jọ́ náà kò le. Ọmọ náà yóò máa bá aládùúgbò ṣa kajú ní ọjọ́ Sátidé títí owó ìyá rẹ̀ yóò fi pé. Ìyá yí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ padà, ó sì sọ pé bí ọmọ bá tún fẹ́ fìlà, kí ó wá tọrọ. Nígbà tí ó san èyí tó kẹ́yìn, mo bi í léèrè pé kílò kajú mélòó ni fìlà náà jẹ́. Kò tilẹ̀ ronú kí ó tó dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n fi eré wọn hàn yín, bí ìyá yẹn ti ṣe. Ó di ìgbà mìíràn.