Hipster Kọ́ Ni Ó Ni Ilẹ̀

Orúkọ kan wà ní ìlú Òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ́. Ẹ pè é ní gbangba ní òpópónà Bedford ní Brooklyn, tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá irùngbọ̀n sí títí dé àyà, tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì bí ti àwọn agégẹdú, tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, yóò wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ láti mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Hipster ni orúkọ náà. Àwa Yorùbá mọ orúkọ àmútọ̀runwá, a mọ orúkọ àbísọ, a mọ oríkì, a sì mọ ìnagijẹ tí ẹgbẹ́ ń fún ẹgbẹ́. Èyí kò sí nínú ìkankan wọn. Èébú tí a ń jù lu ẹlòmíràn ni, ẹni tí ó sì ń jù ú lè jẹ́ hipster gidi lójú aládùúgbò rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń fi orúkọ yìí ṣàlàyé ìdí tí owó ilé fi ń ga sí i, tí ṣọ́ọ̀bù aláta fi ń di ilé kọfí, tí tálákà fi ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní àdúgbò tí a bí i sí. Àlàyé náà kò tọ̀nà. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò onírùngbọ̀n kankan, fáàrí wọn pàápàá a máa sú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pe ẹnì kan ní hipster tán, a máa ń ṣe bí ẹni pé ọwọ́ ti tẹ olè. Gbogbo wa a tú ká, a padà sílé, nígbà tí ẹni tí ó ta ilẹ̀ àti ẹni tí ó rà á jókòó sínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé.

Orúkọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èébú. Àárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń kọ orin jáàsì ní Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1938, Cab Calloway, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Cotton Club ní Harlem, gbé ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan jáde tí ó pè ní Hepster's Dictionary. Ó fi ṣàlàyé ẹnà àwọn olórin fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ hip nígbà náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ là, tí ó mọ ohun tí ń lọ lábẹ́lẹ̀, tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. (Àwọn kan ní inú èdè Wolof ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ní dá ẹjọ́ náà.) Ẹ rántí irú ayé tí wọ́n ń gbé. Calloway ń kọrin ní Cotton Club, ṣùgbọ́n ilé ìgbafẹ́ náà kì í gba aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ láyè láti jókòó wòran. Ní Minton's Playhouse, ní Harlem kan náà, Thelonious Monk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá orin tuntun sílẹ̀ lóru, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tán. Wọn kò ní ilẹ̀, òfin kò gbè wọ́n. Ìmọ̀, èdè àti ìmúra ni ohun tí ó kù tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a bá pè ní hipster láàárín wọn, wọ́n bu iyì fún un ni.

Irú iyì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn tó fẹ́ yá a wọ̀. Ní ọdún 1948, Anatole Broyard kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Partisan Review, ó pè é ní "A Portrait of the Hipster", ó sì sọ bí hipster ṣe gòkè àti bí ó ṣe bàjẹ́. Ohun tí àwọn tí wọ́n ń ka àròkọ náà kò mọ̀ ni pé ọmọ ìdílé aláwọ̀ dúdú ti New Orleans ni Broyard fúnra rẹ̀, tí ó ń gbé ayé gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ funfun. Àwọn ọmọ tí ó bí kò mọ̀ títí ikú rẹ̀ ní ọdún 1990 fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán hipster fún ayé ń fi àwòrán ti ara rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1957, Norman Mailer ní tirẹ̀ kọ "The White Negro" sínú ìwé ìròyìn Dissent. Hipster ti di aláwọ̀ funfun nínú èyí, ẹni tí ó ń yá ìgbésí ayé aláwọ̀ dúdú lò nítorí pé tirẹ̀ ti sú u. James Baldwin, ọmọ bíbí Harlem, dá a lóhùn ní ọdún 1961, ó sì hàn gbangba nínú èsì náà pé aláwọ̀ dúdú tí Mailer ń ròyìn kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn tí Baldwin mọ̀.

Nǹkan bí ogún ọdún péré ni ó gbà kí orúkọ náà tó kúrò lára ẹni tí ó ní ìmọ̀ kí ó tó bọ́ sára ẹni tí ó yá a. Lẹ́yìn náà ni ó sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ó tún jí ní nǹkan bí ọdún 1999, Williamsburg ní Brooklyn ni ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ka ìwé yunifásítì, ń dé fìlà àwọn awakọ̀ àjàgbé, wọ́n ń mu Pabst Blue Ribbon, ọtí olówó pọ́ọ́kú tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mu, wọ́n sì ń wá àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kiri. Mo gbà pé ó yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí kò ru ẹrù rí tí ó wọ aṣọ alábàárù lọ sóde, kò yẹ kí ó bínú bí alábàárù gidi bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó tọ́ sí i, a kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi ohun tí kò ṣe.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ní Williamsburg gan-an. Òdì kejì odò East River ni àdúgbò náà wà sí Manhattan. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin L ní Manhattan, ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò kàn ní Brooklyn ni Bedford Avenue. Àwọn ará Puerto Rico àti Dominican ń gbé apá gúúsù rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Los Sures. Àwọn Júù Hasidim náà wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti kógbá sílé, gbọ̀ngàn wọn ṣófo, ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán àti olórin tí owó ilé ti lé kúrò ní Manhattan wá forí pamọ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìsáǹsá owó ilé ni àwọn fúnra wọn. Àwọn Hasidim pè wọ́n ní Artisten ní èdè Yídíìṣì, wọn kò sì fi orúkọ náà yìn wọ́n. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 2009, tí ìjọba ìlú nu ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kúrò lára apá kan òpópónà Bedford, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì jáde lóru láti fi ọ̀dà tún un kùn, àwọn ìwé ìròyìn rí nǹkan kọ. Irùngbọ̀n ẹ̀sìn àti irùngbọ̀n fáàrí dojú kọ ara wọn! Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ẹ̀rín yẹn ni ohun tí ó ṣe pàtàkì ti ṣẹlẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York fọwọ́ sí ètò ìjọba Michael Bloomberg láti yí òfin ilẹ̀ Greenpoint àti Williamsburg padà. Etí odò tí ó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tẹ́lẹ̀ di ibi tí a lè kọ́ ilé gogoro sí, tí àwọn mìíràn lè ga tó àjà 40. Ẹni tí ó ní ilé ìkẹ́rùsí àlòkù létí omi sùn lálẹ́ bí onílẹ̀ lásán, ó jí bí olówó. Iléeṣẹ́ ṣúgà Domino, tí ó ti panu dé ní ọdún 2004, di ọ́fíìsì, ilé gogoro sì yí i ká. Owó ilé lọ sókè, àwọn ará Los Sures ń kó lọ, àwọn ayàwòrán náà ń kó lọ, wọ́n gba ojú irin L kan náà lọ sí Bushwick, níbi tí wọ́n ti tún ń pe àwọn náà ní hipster. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó dìbò nínú ìgbìmọ̀ náà. Àwọn àgbà wí i tipẹ́: wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́," ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ilé kọfí ni ó ń fa olówó mọ́ra, pé bí hipster kò bá kọ́kọ́ dé, kọ́lékọ́lé kò ní mọ ọ̀nà. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn àgẹ́ńtì a máa fi àwòrán ilé kọfí àti kẹ̀kẹ́ sínú ìpolówó ilé tí wọ́n ń tà. Síbẹ̀, ẹ bi ara yín pé ta ni ó ń pa owó nínú ìpolówó yẹn. Ọmọ tí ó ń po kọfí náà ayálégbé ni, bí ọdún ìwé àdéhùn rẹ̀ bá pé, onílé yóò fi kún owó tirẹ̀ náà. Igún a máa bà síbi tí òkú bá wà, ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tí yóò rí òkú ẹran tí ọta ìbọn wà nínú rẹ̀ tí yóò sọ pé igún ni ó yìn ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ, nítorí àwọn ènìyàn wa ń gbé nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn tí inú ń bí sí ọ̀wọ́n ilé wọ́de lọ sí Brick Lane. Wọ́n da ọ̀dà sí ara ilé oúnjẹ kan tí ó ń jẹ́ Cereal Killer Cafe, tí àwọn ìbejì onírùngbọ̀n méjì ti ń ta kọnfíléèkì oníwàrà fún ènìyàn ní iye tí ó ju pọ́n-ùn méjì lọ fún abọ́ kan. Ìròyìn náà ká gbogbo ayé. Èmi náà rò pé iye yẹn ti pọ̀ jù fún kọnfíléèkì. Àmọ́ abọ́ kọnfíléèkì wo ni ó lé ayálégbé kan jáde rí?

Ẹ kúrò ní Brick Lane, ẹ sọdá odò Thames sí Southwark, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí. Ilé káńsù Heygate wà ní Elephant and Castle láti ọdún 1974, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ilé. Káńsù fúnra rẹ̀ ni ó kó àwọn ènìyàn jáde, iye tí ó ná lórí rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn. Mílíọ̀nù 50 ni ó ta ilẹ̀ náà fún kọ́lékọ́lé. Wọ́n wó èyí tí ó kẹ́yìn ní ọdún 2014. Ilé tí ó lé ní 2,000 ni ètò tuntun náà gbé kalẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún owó ilé bí ti káńsù kò tó 100. Àwọn ìdílé tí ó ti gbé ibẹ̀ tipẹ́ fọ́n ká, àwọn mìíràn bá ara wọn lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Mo wá hipster nínú ìtàn yìí títí, n kò rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Rye Lane ní Peckham lónìí, kí ẹ dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu, gàrí àti ata rodo, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ìyá àti bàbá wa ń sọ. Wọn yóò nawọ́ sí òkè ilé ìgbọ́kọ̀sí níbi tí ilé ọtí kan ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 2009, wọn yóò ní, "Àwọn onírùngbọ̀n wọ̀nyẹn ni wọ́n ba Peckham jẹ́." Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe bínú sí mi. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń gòkè lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ yín ni. Wọ́n wọ adìrẹ tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta, wọ́n ń gbọ́ àwo Fẹlá àtijọ́, aládùúgbò wọn aláwọ̀ funfun sì ń pe àwọn náà ní hipster. Ayálégbé ni wọ́n, bí ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ṣe jẹ́ ayálégbé. Onílé kan náà lè máa gba owó lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì máa bá ara yín jà lórí irùngbọ̀n.

Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn n+1 ti New York tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń bèèrè ohun tí hipster jẹ́ nígbà ayé rẹ̀, bí ẹni ń bèèrè nípa òkú. Wọ́n ti sin ín nígbà náà. Owó ilé ní Williamsburg kò bá a wọ sàréè.

Nítorí náà, bí ilé bá ń yí padà ní àdúgbò yín, ẹ fi onírùngbọ̀n sílẹ̀ kí ó mu kọfí rẹ̀. Ní England, ẹnikẹ́ni lè san pọ́n-ùn díẹ̀ fún Land Registry kí ó rí orúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ní Brooklyn, ìwé ilẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Káńsù a máa lẹ ìkéde mọ́ òpó iná bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá, ọjọ́ tí ẹ lè kọ̀wé ta kò ó a sì máa wà lára rẹ̀. Ẹ kà á kí òjò tó pa á rẹ́.