Òtútù Ọyẹ́ àti Àwọn Tí Ń Sáré ní Kétu

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo ojú ọ̀run bí èéfín, tí ètè ń là tí gìgísẹ̀ sì ń sán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kétu ti Kosofe ní ìlú Èkó a máa faṣọ borí sùn títí oòrùn yóò fi yọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn a ti jáde ní ìdájí, tí wọn a máa sáré ní ọ̀nà Ìkòsì àti ní Demurin, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ó kó tòmátì àti àlùbọ́sà ti òkè Ọya wá ṣì ń já ẹrù wọn ní ọjà Máìlì 12. Wọn kì í ṣe eléré tí a ń sanwó fún. Oníṣòwò ni wọ́n, akọ̀wé ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n. Ìyá ọlọ́mọ sì wà nínú wọn. Àwọn tí ó rí wọn a máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Kí ni wọ́n ń lé?” Àwọn àgbà sì ti wí pé ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń lé ni ìlera ara wọn, àti, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ti ìlú Èkó, tí a kọ́kọ́ sá ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, tí a sì ń sá ní oṣù Kejì lọ́dọọdún. Ọ̀nà rẹ̀ lé ní kìlómítà 42. Ẹni tí yóò bá wọn sá a kò lè ṣe aláìmúra nínú ọyẹ́, nítorí oṣù ọyẹ́ gan-an ni oṣù ìmúra.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ ó dára kí ènìyàn máa sáré nínú òtútù? Ọ̀pọ̀ òbí ni yóò dáhùn pé rárá, nítorí wọ́n gbà pé òtútù ni ó ń wọ inú àyà tí í sì í di àìsàn. Èrò yìí kò tọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ara ẹni tí ń sáré dàbí ààrò: ó ń mú ooru jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ẹ̀jẹ̀ ní láti lọ sí ẹsẹ̀ láti gbé eré, kí ó sì tún lọ sí awọ ara láti lé ooru jáde. Iṣẹ́ méjì náà a sì máa wọ ọkàn lọ́rùn. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ a máa gbé ooru náà lọ. Nítorí náà, òwúrọ̀ ọyẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn fún asáré. Oòrùn ọ̀sán ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

Kí a sì rántí pé òtútù Kétu kò tó òtútù. Ní ìdájí tí eyín ń gbá ara wọn ní Ìkòsì, ìwọ̀n Selsiọsi kì í sábà lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 20 lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2018, Yuki Kawauchi, ará Jàpáánì, sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní ìlú Marshfield ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òtútù fi nǹkan bí ìwọ̀n 17 lọ sílẹ̀ ju ibi tí omi ti ń dì. Òun nìkan ṣoṣo ni ó sì parí eré náà. Ọkùnrin yìí kò fi eré ṣe oúnjẹ òòjọ́ nígbà náà. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, tí ń ṣe ìmúra rẹ̀ kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún náà, a sá eré ńlá ti ìlú Boston nínú òjò, òtútù àti ìjì tí ń fẹ́ lu àwọn asáré lójú. Ọ̀pọ̀ akọni tí ń fi eré ṣiṣẹ́ ṣe ni ó yà kúrò lójú ọ̀nà. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58. Ẹni tí ó ti bá òtútù jẹun rí, òtútù kò lè lé e nídìí oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kan náà, Desiree Linden, ará Amẹ́ríkà, ti ń rò láti fi eré náà sílẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ fún Shalane Flanagan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Flanagan yà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Linden dẹsẹ̀ dúró dè é, kí wọ́n lè jọ padà bá àwọn tí ó wà níwájú. Níbi tí ó ti ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni agbára òun tìkára rẹ̀ ti padà wá, ó sì di ẹni kìíní láàárín àwọn obìnrin. Láti ọdún 1985, obìnrin Amẹ́ríkà kankan kò tí ì borí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹlẹ́tàn ni òtútù ọyẹ́. Ẹ̀tàn kìíní ni ti òùngbẹ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn kì í pẹ́ kí ó tó fẹ́ lọ. Asáré a rò pé òun kò làágùn, bẹ́ẹ̀ ni omi ara rẹ̀ ń tán lọ. Kí ó mu omi kí ó tó jáde, kí ó sì tún mu nígbà tí ó bá dé, ìbáà ṣe pé òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Ẹ̀tàn kejì ni ti eruku. Afẹ́fẹ́ yìí ti aginjù Sàhárà wá; ní Kétu, èéfín ọkọ̀ sì tún dà mọ́ eruku rẹ̀. Kí asáré yẹra fún etí ọ̀nà ńlá Ìkòròdú, kí ó gba àdúgbò tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí ó sì wọ aṣọ funfun kí awakọ̀ lè rí i nínú ìkùukùu. Ní ọjọ́ tí ènìyàn kò bá lè rí ilé tí ó wà ní òpin àdúgbò rẹ̀ nítorí eruku, sísinmi nílé ni ó gbọ́n jù.

Ẹ̀tàn kẹta ni ó burú jù. Eré Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Surulere ní kùtùkùtù, nígbà tí ara ń tù ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò yára tó la Afárá Kẹta já, kí ó tó dé Eko Atlantic tí eré parí sí, oòrùn oṣù Kejì ti gun orí. Ẹni tí ó bá ná gbogbo agbára rẹ̀ nínú ìtura òwúrọ̀ yóò jẹ gbèsè rẹ̀ lórí afárá, níbi tí kò sí igi tí ó lè fi ṣe ibòji. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: kí ó rọra bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ti fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ara rẹ̀ ní oòrùn ṣáájú ọjọ́ eré.

Àwọn kan sì wà tí òtútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn rárá. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó ní ikọ́ fée pọ̀. Òtútù àti àìmu omi tó a sì máa ru ìrora sókè lára ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, gba ìmọ̀ràn oníṣègùn kí ó tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde.

Nítorí gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn asáré ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn eré fi ṣe pàtàkì, nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ òógùn, tí wọ́n fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀, tí wọ́n sì jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ka iye wákàtí tí wọ́n fi sáré bí ẹni ń ka owó. Ẹni tí òyì kọ́ lójú ọ̀nà kì í sọ ọ́, nítorí ojú ń tì í. Ìtìjú yìí ni ó ń pa ènìyàn ju òtútù lọ. Bí ẹni tí àyà rẹ̀ fún bá dákẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò bọ́ sínú kòtò kan náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí ẹni tí ó dúró sọ ìdí tí ó fi dúró, kí ẹni tí ó ṣubú sọ ibi tí ó ṣubú sí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ọyẹ́ yóò dé, yóò sì lọ. Kí ẹni tí ara rẹ̀ le dìde kúrò lábẹ́ aṣọ ní ìdájí, kí ó mu omi, kí ó rọra sáré. Nígbà tí ó bá sì dé, kí ó sọ òtítọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀.